Ọjọ́ Mẹ́jọ Tí Atẹ́gùn Kò Fẹ́

Fìlà mi ni atẹ́gùn kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ni, mo ní kí n gbójú sókè wo ibi tí ọmọ mi mú mi wá, fùú! fìlà ti wà lórí òkun. Mo dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń léfòó lọ. Sídíkátù ọmọ mi dì mí lápá mú, ó ní, "Dádì, ẹ má wulẹ̀ wò ó mọ́. Níbí, ohun tí atẹ́gùn bá ti mú, tiẹ̀ ni."

Bí mo ṣe dé erékùṣù yìí nìyẹn, ní ìhà àríwá ilẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ kò tó ilé àdúgbò wa kan ṣoṣo ní Ìkòtún. Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ bátìrì ni mo fi ogójì ọdún ṣe lẹ́bàá ráńdábáòtù Ìkòtún, bátìrì mọ́tò nígbà àkọ́kọ́, nígbà tó yá, bátìrì ìnfátà tí àwọn èèyàn fi ń tan iná sílé bí wọ́n bá mú iná ìjọba lọ. Ìyàwó mi Ràbíátù, tí èmi máa ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, kú ní ọdún tó ṣáájú. Ilé wá tóbi jù fún èmi nìkan. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ, Sídíkátù yìí náà ni, ó sì ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi ìwé yìí dá, ṣùgbọ́n ọpẹ́ tèmi gba ọ̀nà ibi tó dùn mí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn ín.

Fáànù ńlá mẹ́ta wà lórí òkè lẹ́yìn abúlé. Mo ní fáànù, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó bíi ti inú ilé o. Apá rẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Fáànù tiwa ń jẹ iná kó tó fún wa ní atẹ́gùn. Tiwọn ń jẹ atẹ́gùn, ó sì ń fún wọn ní iná. Ìgbà tí ó yé mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Sídíkátù ní, "Dádì, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn. Èmi ni mo máa sọ fún wọn bí bátìrì tí wọ́n fẹ́ rà ṣe máa tóbi tó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ jù, á gba iná pamọ́. Bí kò bá fẹ́, á tú u sílẹ̀ fún gbogbo ilé."

"Bátìrì kẹ̀?"

"Bátìrì ni o. Èyí tó tó kọ̀nténà mẹ́rin."

Mo ṣe alhamdulillahi. Ogójì ọdún ni ásíìdì fi jẹ ṣòkòtò mi. Nílé ìwé ní Egbeda, àwọn ẹgbẹ́ Sídíkátù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ oní-bátìrì, ọmọ oní-ṣòkòtò-jíjá. Ọmọ oní-bátìrì náà ló wá ń yan bátìrì fún òyìnbó yìí.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dùn mí. Òtútù, èèyàn á wọ aṣọ mẹ́ta. Ìdákẹ́jẹ́ ló fẹ́ pa mí. Ní Ìkòtún, kí n tó bọ́jú tán láàárọ̀, mo ti dáhùn ẹ kú àárọ̀ bíi mẹ́wàá. Níbí, Sídíkátù á lọ síbi iṣẹ́, èmi á jókòó ti fèrèsé, àgùntàn á máa wò mí, èmi náà á máa wo àgùntàn. Lọ́jọ́ kan, mo bá ara mi tí mò ń sọ fún kẹ́tù tí mo fi ń se tíì pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní hà, wèrè ti dé.

Dónà ló yọ mí. Òun ló ń ṣọ́ gbọ̀ngàn tí ará erékùṣù ti ń ṣèpàdé, ọkùnrin gíga kan báyìí, orí rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn, tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò sì máa fọ ife tíì. Mo ní èmi nìyí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ gbogbo wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò kọ orúkọ sára bátìrì rí. Ogún bátìrì lè wà nílẹ̀, mo mọ ti Wòlíì Ìdòwú, mo mọ ti Ìyá Sikirá tó ń ṣerun, mo mọ ti Tíṣà Fálànà ará Èkìtì tí kì í rántí wá gbé tiẹ̀. Níbí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí mo fi ń kí kálukú lórúkọ, tọmọ tìyá.

Dónà ní, "Báwo lo ṣe mọ orúkọ ajá mi?"

Mo ní, "O pè é lánàá."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà níbí, mi ò mọ orúkọ ajá ẹnì kankan."

"Ìwọ ni o kì í kí wọn."

Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní ìwọ. Gbogbo ayé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, àtàgbà àtọmọdé, wọn ò mọ ẹ̀yin. Ìyẹn náà kọ́kọ́ ta mí létí bí ẹ̀fọn.

Kátírìn ni aládùúgbò wa. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, apẹja ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Mo pè é ní Màmá, ó yí ojú sí mi, ó ní, "Mi ò bí ẹ. Kátírìn ni kó o máa pè mí."

Mo ní, "Ẹnu mi ò lè gbé e."

"Kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Ó mú mi wọlé kí n wá mu tíì. Bí mo ṣe jókòó ni mo gbọ́ ohùn kan nígun yàrá, hùù-ṣẹ̀, hùù-ṣẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára ẹ̀rọ náà, ó lọ sí imú Kátírìn. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí ni. Irú ẹ̀ gan-an wà nílé mi rí. Mo gbé ife kalẹ̀, mo ní mo gbàgbé nǹkan kan sórí iná, mo sì jáde. Mi ò gbàgbé nǹkan kan sórí iná.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe Kàmórù. Ọmọ iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí, orí rẹ̀ ti ń hu ewú.

"Ọ̀gá mi! Ẹ kú òtútù o. Ṣé ẹ ti di òyìnbó?"

"Mo tún dúdú sí i ni. Wọ́n mú iná wá?"

"Wọ́n mú un wá láàárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n kàn ní kí wọ́n fi hàn wá ni, ká má gbàgbé àwọ̀ ẹ̀."

Mo máa ń ní kó gbé fóònù síta, kí n kàn gbọ́ ariwo ráńdábáòtù. Á na ọwọ́ síta. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bú ara wọn, ara mi á sì balẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan tí à ń jẹun, inú Sídíkátù ń dùn, ó ní òun ti parí ìṣirò òun. Ó to ife sórí tábìlì láti fi ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìwé atẹ́gùn ọdún mẹ́ta wà lọ́wọ́ òun, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé fáànù dúró, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Ó mọ iná tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò.

"Nínú ọdún mẹ́ta yìí, Dádì, ìgbà tó pẹ́ jù tí atẹ́gùn kò fẹ́, kò ju ọjọ́ kan lọ. Bátìrì ọjọ́ kan àbọ̀ máa tó wọn, á tún ṣẹ́kù. Wọ́n á lè ta jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ yẹn dànù, èyí tó ń da èéfín sílùú. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i. Sátidé ni ìpàdé."

Mo dá òkèlè padà sínú àwo. Ọjọ́ kan àbọ̀. Ohun tí èmi náà sọ fún ìyá rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe máa ń tọ́jú omi. Ẹni tó bá ti gbé lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn á mọ ohun tí mò ń wí. Àgbá méjì wà lẹ́yìnkùlé, ti ojoojúmọ́ nìyẹn. Kànga Alhaja Mọ̀ríámọ̀ wà lójúlé kẹta. Nígbà tí omi pọ̀ nílé wa pàápàá, Àbẹ̀kẹ́ á lọ kí Alhaja, á bá a ṣa ẹ̀wà, ó ní kì í ṣe ọjọ́ òùngbẹ lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í kí oníkànga. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ èmi. Bí ẹnì kan bá ní omi máa ń wá lójoojúmọ́, kí ló ń dà á láàmú, á ní, "Mi ò bi yín pé báwo ló ṣe máa ń wá. Ọjọ́ mélòó ló pẹ́ jù tí kò wá? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí wọ́n ní kó máa lo ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, èmi ọ̀gá oní-bátìrì ni mo wọn bátìrì tí yóò máa gbé ẹ̀rọ náà. Mo ní wọ́n ń mú iná wá fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, bátìrì ọjọ́ kan àbọ̀ ti tó, á tún ṣẹ́kù. Àbẹ̀kẹ́ ní kí n ya ọ̀kan sọ́tọ̀, kí n so aṣọ pupa mọ́ ọn.

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, bátìrì kì í ṣe omi."

Ó ní, "Ohun tó bá ti ń tán, omi ni."

Mi ò yà á sọ́tọ̀. Fáànù ń bẹ lórí bátìrì yẹn, tẹlifíṣọ̀n náà ń bẹ níbẹ̀.

Nígbà òjò, tiransifọ́mà àdúgbò wa gbaná. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni epo di ọ̀wọ́n, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ilé wa kò ṣiṣẹ́, ti ṣọ́ọ̀bù náà kò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé bátìrì ṣì máa gbé e dé ìrọ̀lẹ́, mo gbé jálá, mo wá epo lọ sí Egbeda. Sídíkátù pè mí lórí ìlà epo. Mo ní ara Màmá rẹ̀ ti ń yá. Nígbà tí mo fi máa padà délé lọ́sàn-án, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ó jókòó ti fèrèsé, ó ń wá èémí. Mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́, a kọjú sí Ìgàndó, a ò tíì dé ilé ìwòsàn tó fi kú.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, pé bí iná bá tilẹ̀ wà, ó lè máà pẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù ni pé ìyá rẹ̀ sùn, kò jí.

Ẹ wá rí ibi tí mo wà. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á ṣe àṣìṣe mi fún odindi ìlú, Kátírìn sì wà nínú ìlú náà pẹ̀lú rọ́bà nímú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo lè pàdánù Sídíkátù, òun nìkan ló sì kù fún mi láyé.

Mo kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí n kò fi ní sọ ọ́. Mo lọ bá Kátírìn, mo mú ara le, mo jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀.

"Kátírìn, láti ìgbà tó o ti dáyé, ọjọ́ mélòó ló pẹ́ jù tí atẹ́gùn kò fẹ́?"

Kò tilẹ̀ rò ó. "Mẹ́jọ. Ìgbà ìgbéyàwó àbúrò mi, Pẹ́gì. Òkun dà bí àwo tí wọ́n nù. Èéfín ilé kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán bí òpó. Ọkọ ìyàwó wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun lójú omi, a ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, kò lè dé. Pẹ́gì dúró létí òkun nínú aṣọ funfun, ó ń ṣépè fún un. Òtútù yẹn pa àgùntàn."

Mo rántí pé ọjọ́ tí atẹ́gùn bá sá lọ níbí, òtútù ló máa ń dé. Ọjọ́ tí fáànù kò yí gan-an ni gbogbo ilé á máa wá iná láti fi yáná. Bí epo ṣe lọ lọ́jọ́ tí iná lọ nílé wa nìyẹn. Ìyà kì í dá rìn.

Mo lọ káàkiri. Àgbàlagbà mọ́kànlá ni mo bá sọ̀rọ̀, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ilẹ̀kùn wọn. Ẹnì kan ní ọjọ́ méje ni, ẹnì kan ní mẹ́sàn-án, àwọn méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rántí Pẹ́gì létí òkun.

Mo kó o lọ fún Sídíkátù. Ó ní, "Dádì, ìtàn àwọn arúgbó nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ìtàn sínú ìṣirò? Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ìwé ẹ, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ nínú ayé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ jẹ́ n ṣe é."

Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn.

Àárọ̀ Sátidé tí ìpàdé máa wáyé, ó wà lórí ìdúró, ó ń mu tíì, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Sídí, jókòó."

"Mo ti ń pẹ́, Dádì."

"Màmá ẹ kò sùn."

Ó wò mí. Mo sọ ọ́. Bátìrì ọjọ́ kan àbọ̀, tẹlifíṣọ̀n, tiransifọ́mà, Egbeda. Ohùn mi kò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Iná tí èèyàn fi ń mí, má fi ọjọ́ tó máa ń dáa wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tó burú jù ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Ìyá ẹ sọ fún mi, mo fi í rẹ́rìn-ín."

"Mo pè yín lọ́jọ́ yẹn." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ ní ara wọn ń yá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún méjì, Dádì. Ọdún méjì ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé wọ́n sùn ni."

Ó jáde. Kò mú kóòtù rẹ̀. Mo rí i láti fèrèsé bó ṣe ń rìn lọ sí ìhà òkun, atẹ́gùn ń fa ìborùn rẹ̀ yà.

Gbọ̀ngàn kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú tíréè ife. Sídíkátù wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n á rò pé atẹ́gùn ni. Ó dìde níwájú wọn, ó ní, "Ìwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, mo gbà á padà. Kò tó." Ọ̀gá rẹ̀ yí padà lórí àga bí ẹni tí èèrà ta. Sídíkátù kò wò ó. Ó ní, "Ta ló rántí ìgbéyàwó Pẹ́gì?"

Ọwọ́ àgbàlagbà yọ, ọ̀kan, méjì, wọ́n lé ní mẹ́wàá. Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Alága ìpàdé kan tábìlì, ó ní, "Ṣé bátìrì ọjọ́ mẹ́jọ lo fẹ́ ká rà ni?"

Sídíkátù ní rárá, kò sí ìlú kékeré tí apá rẹ̀ ká ìyẹn. Ó ní ohun mẹ́ta ni. Kí bátìrì náà jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí òtútù mú jù ni wọ́n fi wọn ọjọ́ mẹ́ta náà. Kí wọ́n má ta jẹnẹrétọ̀ àtijọ́, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n máa tàn án lóṣooṣù kó má bàa gbàgbé iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya apá kan bátìrì sọ́tọ̀, tí iná-yíyá ẹnikẹ́ni tàbí tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni kò ní lè fọwọ́ kàn, fún ilé márùn-ún tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí àti fún ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ibi tó sọ ìyẹn dé, ojú rẹ̀ wá mi kàn lẹ́yìn. Ó tún gbé e kúrò.

Mo mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àgbá, kànga, kẹ́ẹ̀gì aláṣọ pupa. Àbẹ̀kẹ́ kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀.

Dónà ní, "Jẹnẹrétọ̀ yẹn ti darúgbó."

Kátírìn ní, "Èmi náà ti darúgbó, ẹ ò tíì tà mí."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n gbà á.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni Sídíkátù ti wá dì mọ́ mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jà. Láràárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí mi. Ó ń se oúnjẹ tí mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Àwòrán Àbẹ̀kẹ́ tó wà ní pálọ̀, ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀. Èmi náà kò béèrè.

Mo sọ fún Kàmórù. Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bátìrì tó bá ti gbẹ pátápátá, ẹ ní kí n má rọ́ iná sí i lójijì, pé á bẹ́. Ẹ ní díẹ̀díẹ̀ ni kí n máa fún un, kí n sì máa fọwọ́ kàn án bóyá ó ń gbóná. Ẹ fi Sídí sílẹ̀ lórí ṣájà."

"Ìwọ náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá ra bátìrì, bi í pé ọjọ́ mélòó ló pẹ́ jù tí iná kò wá ládùúgbò ẹ̀."

"Wọ́n á ní mo fẹ́ ta ọjà púpọ̀ ni."

"Bi wọ́n ṣá."

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kọjá kí bátìrì tó dé. Láàárín ìgbà yẹn ni mo ronú dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí mo wà ní Ìkòtún, mo rò pé ilé ni ibi tí wọ́n sin ẹni èèyàn sí. Ní oṣù òtútù kan, ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀, mi ò lọ ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Kó tó di agogo mẹ́wàá, Dónà ti ń kan ilẹ̀kùn, ajá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé ọbẹ̀ kan wá tí kò ní ata rárá. Ó ní, "Ẹnì kankan kò kí mi láàárọ̀ yìí, mo mọ̀ pé nǹkan ṣe ẹ́." Mo lá ọbẹ̀ yẹn mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti mọ̀ pé èèyàn kò jáde, ilé díẹ̀ ti wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ fún Dónà. Mo dúpẹ́ fún Kátírìn tó kọ́ ẹnu mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo dúpẹ́ fún àwọn mọ́kànlá, méjì ti kú nínú wọn báyìí.

Àfi bí atẹ́gùn ṣe dúró ní òtútù ọdún kejì. Ọjọ́ Monday ni. Mo jí, etí mi ń hó, mi ò mọ ohun tó ṣe é, àfi ìgbà tí mo rí i pé ariwo atẹ́gùn tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ni kò sí mọ́. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nà gbalaja sójú ọ̀run. Èéfín dúró ṣánṣán. Omi dì nínú ìkòkò àwọn àgùntàn.

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, bátìrì gbé gbogbo wa. Ọjọ́ kẹta, Sídíkátù fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé gbogbo pé kí wọ́n dín iná kù, ó sì ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí bátìrì tó lọ sílẹ̀ jù. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ó húkọ́, Dónà fi igi gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Èmi wà nílé Kátírìn lójoojúmọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ti lè jókòó ti ẹ̀rọ náà. Hùù-ṣẹ̀, hùù-ṣẹ̀. Kátírìn ní kí n yé wo òun bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, Sídíkátù wọlé. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ti pẹ́ tó ti sùn. Kátírìn ti tòògbé lọ lórí àga. Ọmọ mi kò jókòó sórí ìjókòó, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti orúnkún mi bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wà ní kékeré.

"Ó ń lọ, Dádì. Jẹnẹrétọ̀ ń gbé e. Apá ti Kátírìn, ó kún, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Alhamdulillahi."

Ó wá ní, "Ẹ sọ ọjọ́ yẹn fún mi."

"Mo ti sọ ọ́, Sídí."

"Ẹ sọ ti bátìrì fún mi. Ẹ ò sọ ti Màmá mi. Ẹ bá wọn nílé, wọ́n ṣì wà láàyè. Kí ni wọ́n sọ?"

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mo ṣe. Mo rò pé ikú ìyá rẹ̀ ni mo fi pamọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá rẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ ọ́. Mo ní nígbà tí mo wọlé, tí mo wólẹ̀ tí mò ń sunkún, ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n dìde, ta ló kú. Mo ní ó ní kí n bá òun mú ìborùn aláwọ̀ ewé, òun kò lè lọ sí ilé ìwòsàn bí ìyá aláìlọ́kọ. Mo ní Wàídì ló ń wa kẹ̀kẹ́ náà, ọmọ Ìyá Risi tó wà lójúlé kejì. Wàídì ń tẹ fèrè kẹ̀kẹ́ kí wọ́n yà fún wa, fèrè náà kò dún, ó kàn ń ṣe pììì bí òròmọdìyẹ. Ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé èjìká mi, ó fa èémí, ó fa òmíràn, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ sọ fún ọmọ yìí kó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Bátìrì ẹ̀ ti kú."

Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ̀yìn Sídíkátù ń mì lórí orúnkún mi. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹkún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ó ní, "Màmá! Nínú kẹ̀kẹ́! Wọ́n ṣì ń wá oníbàárà fún yín!" Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó tutù, kò sì fi sílẹ̀.

Ariwo wa jí Kátírìn. Ó tún rọ́bà imú rẹ̀ ṣe, ó wo bàbá, ó wo ọmọ, ó ní kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín báyìí, kí a sọ ọ́ kí òun náà gbọ́.

Sídíkátù fi ìborùn nu ojú. Ó yí padà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìyá rẹ̀ fún un lédè òyìnbó.